Alhaja lórí odò Gironde: ìrìn-àjò ọgbà àjàrà fún ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí

Ọmọ mẹ́ta ló dáwó jọ fún ọjọ́ ìbí ìyá wọn. Méjì ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀kẹta wà ní Manchester. Ìyá wọn, tí màá máa pè ní Alhaja nínú àkọsílẹ̀ yìí, ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì fẹ́ pé ẹni àádọ́rin ọdún. Àbíkẹ́yìn rí ìpolówó ọkọ̀ funfun kan tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lórí odò láàárín ọgbà àjàrà nílẹ̀ Faransé, ó sì ti san àsansílẹ̀ kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè mí, ohùn rẹ̀ le: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá. Ọkọ̀ ọlọ́tí ni àbúrò mi fẹ́ gbé Alhaja wọ̀."

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn èèyàn wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣètò ìrìn-àjò fún àwọn òbí wọn tó bá wá láti ilé. Bí àgbàlagbà bá wà láàárín wọn, mo sábà máa ń bá wọn rìn. Irú ìpè yìí kì í tán. Àwọn ọmọ á gbọ́ orúkọ Bordeaux, ìlú Faransé tí wáìnì sọ di olókìkí, wọ́n á rò pé kò sí nǹkan míì níbẹ̀ ju ìgò lọ, wọ́n á sì sá. Lójú tèmi, odò ni wọ́n ń tà fún yín. Ọtí kàn jẹ́ ọ̀kan lára ẹrù tó ti ń gba orí rẹ̀ kọjá láti ayébáyé ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo omi náà. Odò méjì ló wà. Garonne ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè Pyrenees, láti apá ilẹ̀ Sípéènì. Dordogne ń ṣàn bọ̀ láti àwọn òkè tó wà láàárín ilẹ̀ Faransé. Bec d'Ambès ni wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba orúkọ tuntun, Gironde, tó tún rin nǹkan bíi kìlómítà 75 kó tó wọ òkun Àtìláńtíìkì. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń tì í padà sẹ́yìn. Ìlú Bordeaux fúnra rẹ̀ jìnnà sí òkun tó nǹkan bí 100 kìlómítà, síbẹ̀ omi ibẹ̀ ń kún, ó sì ń fà, ìyàtọ̀ àárín kíkún àti fífà rẹ̀ sì lè tó mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Nígbà míì, pàápàá nígbà tí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí omi òkè kò pọ̀, èyí tó ń bọ̀ láti òkun a máa wọlé bí ògiri kékeré. Mascaret ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ a máa gun pákó lórí rẹ̀ ní Saint-Pardon, lórí Dordogne. Torí náà, bí ìwé ètò bá kọ "aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀" sílẹ̀, ẹ fojú àdéhùn tí òkun kò fọwọ́ sí wò ó.

Kí wọ́n tó gbéra

Ọ̀rọ̀ físà kò gba àlàyé púpọ̀. Ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ti Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ Alhaja. Físà Schengen pọn dandan fún Alhaja, pẹ̀lú ìbánigbófò ìrìn-àjò tó lè san owó ìtọ́jú tó kéré tán €30,000. Ilé ni wọ́n ti gbà á kí wọ́n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù.

Oúnjẹ ló le. Apá ibẹ̀ jẹ́ ibi tí ọtí ti wọ inú ìkòkò. Ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà sórí ẹran màlúù lọ́nà ti Bordeaux, wáìnì pupa ni wọ́n fi ń sè é. Ẹja kan wà tó gùn bí ejò, lamproie, òun náà wáìnì pupa ni wọ́n fi ń sè é. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà pé kí wọ́n má kàn kọ "kì í mu ọtí" síwájú orúkọ Alhaja, kí wọ́n kọ ọ́ pé ọtí kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò wọn, ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, àti pé bí kò bá sí ẹran hàlálì, kí wọ́n fún wọn ní ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́. Ìdáhùn wọn ni pé hàlálì kò sí nínú ọkọ̀, àmọ́ ẹja kò ní wọ́n wọn. Ẹja ni Alhaja ti ń tà láti ìgbà ọmọge wọn, inú wọn sì dùn sí i.

Ọmọbìnrin wọn fẹ́ di kílíṣí sínú àpótí. Mo ní kó fi sílẹ̀: láti Gẹ̀ẹ́sì tàbí láti Nàìjíríà, òfin àwọn ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí arìnrìn-àjò gbé ẹran tàbí wàrà wọlé. Ti ẹja yàtọ̀. Èèyàn lè gbé e dé ogún kìlò fún jíjẹ ara rẹ̀. Bí ẹja gbígbẹ láti Ẹ̀pẹ́ ṣe dé orí Garonne nìyẹn, nínú ọ̀rá mẹ́ta, pẹ̀lú ata gígún.

Oṣù kẹfà ni wọ́n yàn. Lóṣù yẹn, oòrùn Bordeaux kì í wọ̀ kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó kù díẹ̀, ìrun Ìṣáì sì ń lọ sí bíi ọ̀gànjọ́. Alhaja bi Lemọ́mù wọn lórí WhatsApp, wọ́n sì sọ fún wọn pé arìnrìn-àjò lè pa Mọ̀gáríbì àti Ìṣáì pọ̀. Ti kíbúlà ló pa wá lẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ń yí bí odò ṣe ń yí, ibi tí imú ọkọ̀ bá kọjú sí lálẹ́ lè má jẹ́ ibi tí yóò kọjú sí láàárọ̀. Àbíkẹ́yìn di olùwá-kíbúlà pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé owó oṣù wà nídìí rẹ̀.

Alẹ́ tí ètò yí padà

Ohun tó wà nínú ìwé ni pé ọkọ̀ yóò kúrò ní Bordeaux lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, yóò gòkè lọ sí Cadillac, ìlú kékeré tó ní odi, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ lọ wo Sauternes, agbègbè tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì aládùn. Lójú ọ̀nà yẹn ni Pont de pierre wà. Afárá olókùúta yìí, tí wọ́n parí ní 1822, ni ó kọ́kọ́ la Garonne kọjá ní Bordeaux. Kó tó dé, ọkọ̀ ni gbogbo ìlú fi ń sọdá. Ojú ihò 17 ló ní. Bí omi bá kún jù, orí ọkọ̀ ńlá kò lè gba abẹ́ rẹ̀. Bí omi bá sì ń sáré fà, agbára rẹ̀ láàárín àwọn òpó yẹn kì í ṣe ohun tí atukọ̀ ń dán wò. Àsìkò díẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì.

Níbi oúnjẹ alẹ́, ọ̀gá ọkọ̀ kéde pé àsìkò tí omi gbà fún ọ̀la kò bá ti ìwé mu. Ọkọ̀ yóò dúró sí Bordeaux. Bọ́ọ̀sì ni yóò gbé àwọn èrò lọ sí Sauternes, wọn kò sì ní lè ya Cadillac. Àwọn èrò kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọmọkùnrin tó wá láti Manchester wà lára wọn: ọkọ̀ ojú omi lòun san owó fún, bọ́ọ̀sì wà nílé.

Alhaja ń bá ẹja wọn lọ. Bàbá wọn jẹ́ apẹja, ìgbà èwe wọn sì kọjá nítòsí ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun ní Èkó kí wọ́n tó relé ọkọ ní Ẹ̀pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti dúró létí ọkọ̀, wọ́n ń wo ẹrẹ̀ ara ògiri èbúté, ibi tó tutù àti ibi tó ti gbẹ. "Omi yìí ń padà lọ sókè," wọ́n sọ fún mi. "Wo igi yẹn bó ṣe ń léfòó lọ." Lóòótọ́, igi kan ń lọ sí ọ̀nà òkè odò, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn ọkùnrin: "Ta lo fẹ́ bá jà? Ṣé ọkùnrin tó ń wakọ̀ ló ni omi?"

Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀, ó kéré tán títí wọ́n fi padà délé.

Pípọ́n tí omi náà pọ́n bí tíì oníwàrà tún mú ìbéèrè wá. Èrò kan láti Amẹ́ríkà rò pé ìdọ̀tí ni. Amọ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ni. Ibi tí omi dídùn ti pàdé omi iyọ̀ ni ó ti ń dì pọ̀, tí òkun sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀ kí ó tó ráyè jáde. Alhaja kò nílò àlàyé yìí.

Ohun tó mú inú wọn dùn jù ní gbogbo ìrìn-àjò náà kò sí nínú ìwé ètò rárá. Bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Pauillac, èbúté kan lórí Gironde, a rí àwọn ahéré onípákó lórí òpó gígùn létí omi, tí àwọ̀n onígun mẹ́rin rọ̀ síwájú kọ̀ọ̀kan. Carrelet ni wọ́n ń pè wọ́n. Apẹja á jókòó sínú ahéré rẹ̀, á sọ àwọ̀n náà sílẹ̀, á dúró kí omi gbé edé àti ẹja wá bá òun, á sì fi ẹ̀rọ yí i sókè. Alhaja ké sí gbogbo wa. Wọ́n fẹ́ mọ iye ihò tó wà lára àwọ̀n, ẹni tó ni ahéré, bóyá obìnrin lè ní in, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja náà. Ọmọ ọkọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ agbègbè yẹn wá dúró tì wọ́n, ọmọbìnrin wọn ń túmọ̀. Ó sọ fún wọn nípa ẹja ńlá kan, esturgeon, tó jẹ́ pé ẹyin rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kafíà: wọ́n pa á títí ó fi fẹ́ tán nínú Gironde, ìjọba sì fòfin de pípa rẹ̀ ní 1982. Inú adágún ni wọ́n ti ń sìn ín nísinsìnyí. "Àwa náà ń bọ̀ níbẹ̀," Alhaja wí.

Nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì

Ní Médoc, apá òsì Gironde, a wọ ilé kan tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí odò ti kó wá láti òkè láti ìgbà láéláé. Omi kì í dúró sórí rẹ̀, àjàrà Cabernet Sauvignon sì fẹ́ràn ẹ̀. Kọjá odò, ní apá Saint-Émilion, amọ̀ àti òkúta ẹfun ló pọ̀, Merlot ló gba ibẹ̀. Àwọn ará Họ́láńdì ló kọ́ àwọn ará Médoc bí wọ́n ṣe ń fa omi kúrò nínú àbàtà wọn ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé, ibi púpọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe oko rárá.

Afinimọ̀nà sọ ìtàn ìtòlẹ́sẹẹsẹ ti 1855. Ìpàtẹ ńlá fẹ́ wáyé ní Paris, Napoléon kẹta, olú-ọba Faransé nígbà náà, sì fẹ́ kí wọ́n to ọtí Bordeaux ní ipò ipò. Àwọn alárinà ọjà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ohun tí wọ́n sì wò ni iye tí ọjà kálukú ti ń tà. Ipò márùn-ún ni wọ́n pín ọtí pupa sí. Mẹ́rin ló wà ní ipò kìíní nígbà náà: Lafite, Latour, Margaux àti Haut-Brion. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó ti yí padà láti ìgbà yẹn ni pé Mouton Rothschild gòkè láti ipò kejì sí ìkíní ní 1973. Afinimọ̀nà ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. Alhaja rẹ́rìn-ín: "Alárinà ló tò ó? Òun ló jẹ́ kó tọ́jọ́. Ọlọ́jà ò lè to ara rẹ̀."

Nígbà tó kan ìtọ́wò, wọ́n gbé ife àti korobá kékeré síwájú àwọn èèyàn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn kì í gbé ọtí mì: á fi fọ ẹnu, á tu ú sínú korobá. Alhaja wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́: "Wọ́n fowó rà á, wọ́n ń tu ú dànù. Kí ni ìyàtọ̀ àárín èmi àti àwọn báyìí?" Wọ́n gbé omi àjàrà tí kò tíì di ọtí wá fún wọn, èyí tí ilé náà ń tọ́jú fún ọmọdé, wọ́n sì mu ife méjì.

Àgbá ló wù wọ́n jù níbẹ̀. Igi óòkù ni wọ́n fi ń kàn án, lítà 225 ló ń gbà, nǹkan bíi 300 ìgò. Láyé àtijọ́ (àwọn ilé kan ṣì ń ṣe é), funfun ẹyin ni wọ́n ń pò sínú ọtí kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sílẹ̀. Ìbéèrè oníṣòwò ló tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀: "Pupa ẹyin ńkọ́?" Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé pupa ẹyin yẹn ló di canelé, àkàrà kékeré dúdú tó le lóde tó rọ̀ nínú. Ọmọbìnrin wọn ti fẹ́ sáré lọ rà á kí n tó dá a dúró. Ọtí ìrèké wà nínú rẹ̀.

Ti Sauternes, tí bọ́ọ̀sì gbé wa lọ, kò pẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ kí àjàrà bu lórí igi kí wọ́n tó ká a. Odò kékeré kan tó tutù, Ciron, ń wọ inú Garonne tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Lásìkò ìkórè, ìkùukùu á bo oko láàárọ̀, oòrùn á sì tú u ká lọ́sàn-án. Ìbu yẹn á fa omi inú èso, adùn rẹ̀ á kù. Wọn kì í ká a lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa padà sórí igi kan náà fún èyí tó bá ti yẹ. Èmi kò rí nǹkan púpọ̀ wò níbẹ̀ lóṣù kẹfà, mo sì ti ń sọ fún àwọn tó ń bi mí pé bí Sauternes bá ṣe pàtàkì sí wọn, kí wọ́n dúró di oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá.

Saint-Émilion ló fẹ́ fìyà jẹ wá. Ìlú òkúta lórí òkè ni, UNESCO ti kà á mọ́ ohun ìní aráyé láti 1999. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ wọ inú àpáta lódindi. Àmọ́ àwọn ọ̀nà rẹ̀ dagun sísàlẹ̀, òkúta wọn sì ń yọ̀, orúnkún Alhaja kò sì gba irú rẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo háyà láti Libourne, ìlú tó wà nítòsí, ó gbé wọn dé etí ìlú lókè, a sì jókòó síbẹ̀ wo gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Blaye rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: odi ńlá tí Vauban, ọ̀gá akọ́dìí ogun fún ọba Faransé, kọ́ ní àwọn ọdún 1680, tí òun àti odi kejì ní erékùṣù àti ẹ̀kẹta ní Médoc jọ fi ìbọn dí odò fún ọkọ̀ ogun.

Ère etí omi

Ọjọ́ ìkẹyìn ni ìrìn ẹsẹ̀ ní Bordeaux. Afinimọ̀nà náà mú wa dé Place de la Bourse, ilé tó rẹwà tó kọjú sí odò, pẹ̀lú omi pẹlẹbẹ iwájú rẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń ṣeré nínú rẹ̀. Ó ní ọrọ̀ ìlú náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún wá láti inú "òwò pẹ̀lú àwọn erékùṣù". Ó fẹ́ kọjá lọ. Ọmọbìnrin Alhaja ní: "Òwò wo?"

Ó dáhùn, kò purọ́, àmọ́ gbólóhùn kan péré ni. Èmi yóò fi tèmi kún un. Ọkọ̀ Bordeaux ń kó wáìnì àti ìyẹ̀fun lọ sí Saint-Domingue, tó di Haiti lónìí, ó ń kó ṣúgà, kọfí àti aró bọ̀. Àwọn ẹrú ló ń ṣe ṣúgà yẹn. Àwọn ọkọ̀ míì láti èbúté kan náà sì ń ya Áfíríkà lọ kó èèyàn: nǹkan bí 120,000 sí 150,000 ni wọ́n ṣírò pé ọkọ̀ Bordeaux kó. Faransé ní odi ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, wọ́n sì kó èèyàn gba etí òkun wa. Ní Saint-Domingue, Nago ni wọ́n ń pe àwọn tó ń sọ èdè wa, orúkọ yẹn ṣì wà nínú ìsìn Vodou ní Haiti, níbi tí wọ́n ti ń bọ Ogou, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní ṣì mọ̀.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni ère Modeste Testas wà, létí omi. Ará ìlà-oòrùn Áfíríkà ni. Al Pouessi lorúkọ tí wọ́n bí i sí. Àwọn ará Bordeaux méjì, ọmọ ìyá Testas, rà á, wọ́n mú un lọ sí oko wọn ní Saint-Domingue. Ó gba òmìnira, ó sì wà láyé títí di 1870, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, François Denys Légitime, jẹ́ ààrẹ Haiti. Ọmọ Haiti ló ya ère náà, 2019 ni wọ́n sì ṣí i. Ìwé ètò ọkọ̀ wa kò dárúkọ rẹ̀. Alhaja ní kí n tún ọjọ́ orí rẹ̀ sọ. Wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ère náà, wọ́n béèrè bóyá Mùsùlùmí ni kí wọ́n tó mú un. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dá wọn lóhùn. Láti ìgbà náà, ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn èrò wa ni Musée d'Aquitaine, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà, tó ní yàrá nípa òwò ẹrú láti 2009. Ọjọ́ kìíní ni, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ rárá. Èmi kò rí bí èèyàn ṣe lè wo àwọn ilé etí odò yẹn kó sì yé e láìjẹ́ pé ó ti ibẹ̀ wá.

Owó

Ọmọkùnrin tó wà ní Manchester kò gbàgbé bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó kọ̀wé béèrè fún nǹkan méjì: owó Cadillac tí wọn kò yà, àti owó wáìnì oúnjẹ alẹ́ tí ìyá rẹ̀ kò mu. Mo ti sọ fún un pé èkejì kò ní ṣeé ṣe. Wáìnì wà nínú owó ọkọ̀ bí omi ìwẹ̀ ṣe wà nínú rẹ̀, wọn kì í yọ ọ́ fún ẹni tí kò lò ó. Ti ìkíní, àdéhùn tó buwọ́ lù fún ọ̀gá ọkọ̀ láṣẹ láti yí ọ̀nà padà nítorí omi, Sauternes tó jẹ́ kókó ọjọ́ náà sì wáyé. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 2018 lórí ìrìn-àjò àkópọ̀ ń gba oníbàárà lọ́wọ́ àyípadà ńlá. Ọ̀sán kan tí bọ́ọ̀sì rọ́pò ọkọ̀ ṣòroó pè bẹ́ẹ̀.

Mo wá fi tèmi síwájú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà: a ti sọ fún wọn kí a tó gbéra pé àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn wà nínú wa, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ìrìn kọ̀ọ̀kan yóò ní ọ̀nà tó rọrùn. Ti Saint-Émilion kò ní. Wọ́n san owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Libourne padà láìjanpata, wọ́n sì fi ẹ̀dínwó kún un fún ìrìn-àjò míì láàárín ọdún méjì. Àbíkẹ́yìn ti fẹ́ lò ó fún Rhône, odò míì nílẹ̀ Faransé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ bi Alhaja, Alhaja sì ní àwọn máa lọ bí ẹja bá wà níbẹ̀.